Èéfín Ẹbu, Eruku Ìsọ̀

Màmá Òkukù ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń dín gààrí. Ẹbu tí òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn ń lò kò tóbi: ògiri amọ̀ lọ́nà mẹ́ta, páànù lókè, ààrò mẹ́rin nílẹ̀. Olúkúlùkù jókòó ti agbada tirẹ̀, ó ń fi igbá yí gààrí, ó ń fi ẹsẹ̀ ti igi wọnú iná. Nígbà òjò, igi tútù ni wọ́n ń dá, torí òun ló wà. Èéfín á ru, á kọ lu páànù, á tún padà wálẹ̀ sórí àwọn tó jókòó. Bí àlejò bá yọjú, omi á dà lójú rẹ̀ ní kíá, yóò sì jáde. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lè jáde, torí gààrí tí a kò bá yí yóò jó.

Ikọ́ tó ń bá Màmá jà kì í ká a mọ́ ìdí agbada. Òru ló máa ń wá. Nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń fọn fèrè, á dìde jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, á fi ọwọ́ méjèèjì ti eékún, á máa wá èémí bí ẹni tí wọ́n tẹ orí rẹ̀ bọ omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti rọlẹ̀, Màmá sì tún ti ń múra iṣẹ́. Òtútù ni gbogbo wa pè é. Àwọn kan ní kó má fi omi tútù wẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan se àgbo fún un. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ ayé ni, pé kí ló dé tó fi jẹ́ òru nìkan. Kò sí ẹni tó dárúkọ èéfín nínú wa. Èmi tí mo kàwé pàápàá kò dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀sán ni èéfín, òru sì ni ikọ́.

Ikọ́-fée ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ásímà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà ẹni tó ní in, kó wo onílù tó gbé gángan sí abíyá. Ọ̀sán yí ìlù náà ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí onílù bá fún un, awọ á le, ohùn á ga. Ọ̀nà tí èémí ń gbà wọnú ẹ̀dọ̀fóró náà ní iṣan tó yí i ká bẹ́ẹ̀. Lára ẹni tí kò ní ikọ́-fée, iṣan yìí kì í ṣàdédé fún. Lára ẹni tó ní in, ohun kékeré ló ń dẹ́rù bà á: eruku, èéfín, òórùn ọ̀dà, òtútù, kódà ẹ̀rín àrínjù. Á fún, ọ̀nà á há, afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ kọjá á máa súfèé. Awọ inú ọ̀nà náà á wú, á sì máa ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki, èyí tí yóò tún dí ìwọ̀nba àyè tó ṣẹ́ kù. Afẹ́fẹ́ tó ti wọlé kò rí ọ̀nà jáde dáadáa, nítorí náà ló ṣe ń ṣe onítọ̀hún bí ẹni pé àyà rẹ̀ ti kún, síbẹ̀ tí kò rí èémí mí. Awọ inú yìí kì í fara balẹ̀ pátápátá, kódà lọ́jọ́ tí ara bá le. Iná wà lábẹ́ eérú, eruku ojoojúmọ́ ló ń fẹ́ ẹ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2019, ènìyàn mílíọ̀nù 262 ló ní ikọ́-fée káàkiri ayé, ó sì pa 455,000 lọ́dún náà. Ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 kan náà, fojú bù ú pé àwọn tó ní in nílẹ̀ wa tó mílíọ̀nù 13. Bí a bá fi ojú iye yìí wò ó, kò sí ìsọ̀ ńlá kan, kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan, láti Ìkìrun dé Ìnísà dé Òkukù, tí kò ní ní ẹnì kan tó ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣọ́ afẹ́fẹ́ tó ń mí níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ ń gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ni ti ẹni tó ti ní ikọ́-fée láti kékeré, tó wá lọ síbi tí afẹ́fẹ́ kò ti dára. Iṣẹ́ kọ́ ló bí àìsàn náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló ń bọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí jọ lórí rẹ̀ ní 2011. Wọ́n rí i pé nínú àwọn tó ní ikọ́-fée tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, bí ẹnì 1 nínú 5 ni iṣẹ́ ń mú tirẹ̀ le sí i. Ọ̀nà kejì ló máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Àyà onítọ̀hún ti ń dá ṣáká láti ìgbà èwe, ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tàbí àádọ́ta, kí iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun tó wá bí ikọ́-fée fún un. Ní 2019, ẹgbẹ́ yẹn àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù sọ pé nínú 100 àgbàlagbà tí ikọ́-fée ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn, iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú ti bíi 16. Ọ̀pọ̀ iye yẹn ló sì wá láti àwọn ilẹ̀ tí òfin ti ń lé eruku, tí ẹ̀rọ ti ń fa èéfín jáde lórí òrùlé.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni iṣẹ́ ń bí i. Ara ni yóò kọ́kọ́ mọ nǹkan náà, tí yóò sọ ọ́ di ọ̀tá. Ó lè gba oṣù díẹ̀, ó lè gba ọdún mẹ́wàá. Ní gbogbo àkókò yẹn, òṣìṣẹ́ á máa ní iṣẹ́ òun kò ṣe òun ní nǹkan kan. Imú ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: á máa sín, imú á máa ṣomi, ojú á máa yún un. Lẹ́yìn náà ni àyà á dá sí i. Tí ara bá ti wá mọ ọ̀tá yìí tán, èyí tó kéré jọjọ nínú rẹ̀ ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tí a sì fà símú lọ́sàn-án lè dúró fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ kó tó fi agbára rẹ̀ hàn. Nígbà yẹn, òṣìṣẹ́ ti délé, ó ti jẹun, ó ti sùn. Òru fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣojúure sí ẹni tó ní ikọ́-fée, torí ọ̀nà èémí máa ń há díẹ̀ sí i lóru lára gbogbo ènìyàn. Ohun tó gba òru lọ́wọ́ Màmá nìyẹn, tí a ń wá ayé kiri.

Dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, ti kọ odidi ìwé lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní 1700. Kò jókòó sílé kọ ọ́. Ó ń wọ ìsọ̀ lọ bá wọn. Ó kọ nípa àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti àwọn tó ń jọ ọkà, pé eruku ń kó sí wọn lọ́fun, èémí wọn kì í já gaara. Ó ní sórí gbogbo ìbéèrè tí dókítà ń bi aláìsàn láti ayé Hippocrates, kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ìbéèrè náà ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Nígbà tí a gbé Màmá dé ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ohun tí wọ́n kọ sí ojú káàdì rẹ̀ ni “oníṣòwò.” Oníṣòwò ni lóòótọ́, ó ń ta gààrí. Ṣùgbọ́n títa gààrí kọ́ ló ń mú un wú ikọ́.

Dókítà mìíràn ló bi í léèrè iṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní sùúrù. Ó bi í pé, “Ẹ jọ̀wọ́ Mà, ṣé ó máa ń rọ̀ yín lọ́rùn tó bá di Sátidé àti Sọ́ńdè?” Màmá ní rárá. Ìdáhùn yẹn ìbá ti sin ọ̀rọ̀ náà, torí ohun tí wọ́n kọ́ àwọn dókítà ni pé ẹni tí iṣẹ́ ń ṣe àyà rẹ̀ ní jàǹbá, ara á máa tù ú lópin ọ̀sẹ̀ àti nígbà ìsinmi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Màmá kò mọ Sátidé. Ọjà ọrọọrún ló mọ̀. Ọjọ́ tí ọjà ku ọ̀la ni wọ́n ń dín. Ọjọ́ ọjà, wọ́n ń tà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á tún wa ẹ̀gẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún un. Dókítà yẹn ronú díẹ̀, ó wá ní kí ọmọ-ọmọ Màmá máa fi bírò yí òdo sí ara kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lára ògiri, ní gbogbo òru tí ìyá bá jí nítorí èémí. Kó má kọ nǹkan kan mọ́ ọn, kó ṣáà yí òdo.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, èmi alára dúró níwájú kàlẹ́ńdà yẹn. Òdo mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kan bọ́ sí Túsìdeé. Ní èyí tó tẹ̀lé e, ọ̀kan bọ́ sí Wẹ́sìdeé, òmíràn sí Sọ́ńdè. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ wò ó, kò lè rí ohunkóhun kà. Mo wá béèrè ọjọ́ ọjà lọ́wọ́ Màmá, mo sì fi ìka kà á. Méje nínú òdo mẹ́wàá náà, òru tí ọjà ku ọ̀la ni.

Àwọn tó wà ní ibi iṣẹ́ olówó oṣù náà ní irú ìṣirò yìí tiwọn. Àwọn dókítà ní ike kan tí ènìyàn ń fẹ́ atẹ́gùn sí, tó ń fi nọ́ńbà sọ bí èémí ṣe lágbára tó. Bí òṣìṣẹ́ bá ń fẹ́ ẹ nígbà mẹ́rin lóòjọ́, ní ọjọ́ iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà á fi ojú iṣẹ́ hàn. Ike náà kò wọ́n tó ìtọ́jú alẹ́ kan ní ilé ìwòsàn. Níbi tí kò bá sí, kàlẹ́ńdà àti bírò ń ṣiṣẹ́.

Ìgbà tí mo rí ti Màmá yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo ẹ̀gbẹ́ títì, láti Ìkìrun tí òkè yí ká, gba Ìnísà kọjá, títí dé Òkukù. Iṣẹ́ tí mo rò pé mo mọ̀ ni mo tún ń wò.

Ilé búrẹ́dì ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ni a mọ̀ jù nínú ìwé àwọn oníṣègùn, láti ayé Ramazzini títí di òní. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ kí búrẹ́dì lè gbóná dé ọwọ́ aráàlú láàárọ̀. Ọmọkùnrin kan á gbé àpò fúláwà tó wọn kílò 50, á já a, á dà á sínú ẹ̀rọ ìpòfúláwà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè. Ìkùukùu funfun á dìde, á bo òun àti ẹ̀rọ. Àwọn tó ń gé ìyẹ̀fun á bu fúláwà, wọ́n á fọ́n ọn sórí tábìlì kó má baà lẹ̀, bí ẹni ń fọ́nrúgbìn. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ọmọ tó kéré jù ni wọ́n á ní kó gbálẹ̀. Á gbá eruku tó ti sùn sílẹ̀ jí, á tún mí in lẹ́ẹ̀kejì. Nínú fúláwà, àwọn èròjà àlìkámà wà tí ara ènìyàn lè sọ di ọ̀tá. Nínú èròjà amú-búrẹ́dì-wú tí wọ́n ń bù sí i, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní amylase, tó wá láti ara èbu, tó tún burú ju fúláwà lọ fún àyà. Ige àti Awoyemi ṣe ìwádìí lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì ní Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002; ikọ́ àti àyà tó ń dún wọ́pọ̀ láàárín wọn ju láàárín àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ náà. Gbogbo alásè búrẹ́dì ló mọ̀ pé NAFDAC fòfin de potassium bromate, torí ẹni tí yóò jẹ búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń mí fúláwà rẹ̀ kò tíì di ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ ti ilé búrẹ́dì pa.

Fúláwà kò sì ní láti fò. Bí wọ́n bá gbé ẹnu àpò sísàlẹ̀ inú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tú u, tí wọ́n dà á díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ fi omi sí i, tí wọ́n dé ẹ̀rọ náà ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìkùukùu yẹn kò ní dìde. Òróró díẹ̀ lórí tábìlì ń ṣe iṣẹ́ fúláwà tí wọ́n ń fọ́n. Aṣọ tútù ló yẹ kí wọ́n fi nu ilẹ̀, kì í ṣe ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Kò sí èyí tó ń ná ọ̀gá ní owó tó tó àpò fúláwà kan.

Ní ìsọ̀ pákó, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìtàn mìíràn. Láti ọwọ́ Fatusi àti Erhabor ní 1996 ni ìwádìí kan ti jáde lórí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ sọ́ọ̀mílì ní Nàìjíríà, tó fi hàn pé ikọ́ àti ìṣòro èémí pọ̀ láàárín wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gregory Erhabor, tó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún polongo ọ̀rọ̀ ikọ́-fée nílẹ̀ wa. Kì í ṣe gbogbo igi ló ń ṣe bákan náà. Eruku ìrókò mọ bí a ṣe ń bá àyà jà. Arère, tí ó fúyẹ́, tí káfíńtà fẹ́ràn torí ó rọrùn láti fá, wà lára àwọn igi tí dókítà mọ̀ jù fún ikọ́-fée; ní Spéènì, àwọn oníṣẹ́ igi tí wọn kò tilẹ̀ mọ ibi tí igbó wa wà ti ní ikọ́-fée láti ara arère tí ọkọ̀ ojú omi gbé lọ bá wọn. Àwọn káfíńtà wa ń fá a pẹ̀lú imú lásán. Eruku tó dára jù lójú, èyí tó kúnná bí àtíkè tí yánrìn-ìfági ń mú jáde, òun ló burú jù, torí òun ló fúyẹ́ tó láti wọlé jìnnà. Wọ́n á tún kó èyí tó kù jọ sẹ́yìn ìsọ̀, wọ́n á dáná sí i, á máa rú èéfín fún ọjọ́ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ á gbé e wọ ilé onílé.

Ti àwọn tó ń kun ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré ni n óò sọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ọ. Ọ̀dà olómi méjì, èyí tí wọ́n ń po ohun amú-ọ̀dà-le mọ́ kó tó ṣeé fín, ní isocyanate nínú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni isocyanate fi wà lókè nínú ohun tó ń fa ikọ́-fée láàárín òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í rùn tó thinner, nítorí náà ni kò fi bani lẹ́rù. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò dá a dúró rárá.

Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń sọ irun di pupa ní sàlúùnù náà ní persulphate, tó ń ṣe àyà onídìrí bí fúláwà ṣe ń ṣe ti alásè búrẹ́dì. Ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ àti ata gbígbẹ, ẹni tó ń da nǹkan sínú ẹ̀rọ kì í ní ojú tí kò pọ́n. Ní iléèwé, ọmọ tó jókòó níwájú ló ń gba ẹfun tí wọ́n ń nù kúrò lára pátákó. Aṣọ tútù ló yẹ kí olùkọ́ fi nù ún.

Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ní ọgbà kan ní Òkukù, gbogbo ẹni tó bá sì mọ irú àyíká bẹ́ẹ̀ mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì. Iná á lọ, wọ́n á fa jẹnẹrétọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà nítorí olè, ẹnu èéfín rẹ̀ á dojú kọ inú ilé. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ á mí èéfín yẹn láti àárọ̀ títí di alẹ́. Tó bá ní ikọ́-fée, á rò pé wàhálà kọ̀ǹpútà ló ń rẹ òun. Wáyà gígùn díẹ̀ ló ń tún èyí ṣe: kí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín lọ, kí ẹnu rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Kí ó má sì wọ inú ilé láé, torí èéfín rẹ̀ ní ohun tó ń pa ènìyàn lójú oorun, kì í ṣe aláìsàn nìkan.

Lórí gbogbo èyí ni ọyẹ́ ń dé lé. Láti ìparí Oṣù Kọkànlá ni atẹ́gùn ti ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ti ìsọ̀ á wá di àlékún.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ikọ́-fée, afẹ́fẹ́ ìsọ̀ nìkan kọ́ ló máa tún ṣe. Oògùn wà ńbẹ̀ pẹ̀lú. Ínhélà tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, bíi Ventolin, ń tú iṣan tó fún sílẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kò pa iná tó wà lábẹ́ eérú. Ínhélà mìíràn tó ní oògùn tó ń pa wíwú inú awọ ni ó ń ṣe ìyẹn, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n ń lò ó, ara ìbáà le. Láti 2019 ni àjọ GINA, tó ń fi ọ̀nà ìtọ́jú ikọ́-fée han àwọn dókítà lágbàáyé, ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé èyí tó ń tú iṣan nìkan. Àwọn ará wa máa ń bẹ̀rù ínhélà pé ó ń di bárakú, pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Àwọn òbí á ní kí ọmọbìnrin má yọ ọ́ níta, kí ọkọ má baà sá. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tó ń sá lọ sí ẹ̀yìn ilé láti fà á bí ẹni ń mu igbó. Ìtìjú yẹn ń pani. Ní Oṣù Kẹjọ 2023 ni GSK, tó ń kó Ventolin àti Seretide wọlé nígbà náà, kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ínhélà wọ́n gógó lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn sì wà tó ti padà sórí oògùn oníhóró tí kò ṣiṣẹ́ tó o. Bí oògùn bá sì ti wọ́n tó báyìí, afẹ́fẹ́ tí kò ní mú kí ènìyàn nílò rẹ̀ púpọ̀ ti di ohun tó ń dín ìnáwó kù.

“Kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀” ni ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ náà. Lóòótọ́, ẹni tí iṣẹ́ bí ikọ́-fée fún, bó bá ṣe tètè kúrò níbẹ̀ ló ṣe máa dára fún un. Àwọn tó sì kúrò pàápàá, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 3 ni ara rẹ̀ ń padà sípò pátápátá. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí a máa dúró dìgbà tí yóò le. Ṣùgbọ́n obìnrin ọgọ́ta ọdún tó mọ gààrí díndín nìkan, níbo ló fẹ́ lọ? Ọmọṣẹ́ káfíńtà tó ku ọdún kan kó gba fúríídọ̀mù, tí bàbá rẹ̀ ti sanwó, ṣé yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀? Ọmọṣẹ́ kì í sì í sọ fún ọ̀gá pé ìsọ̀ rẹ̀ ń run òun. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 pa á láṣẹ kí ilé iṣẹ́ dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ eruku àti èéfín. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, ti 2010, ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, kí ẹni tí iṣẹ́ kó àìsàn ràn lè rí owó gbà. Òfin méjèèjì dára, mo sì fẹ́ kí wọ́n dé ìsọ̀ tí ọ̀gá kan àti ọmọṣẹ́ mẹ́ta wà. Títí wọn yóò fi dé, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ló sún mọ́ wa jù. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé. Wọ́n lè fi ìbéèrè kan sínú ìwé àdéhùn tí òbí ń tọwọ́ bọ̀ kí ọmọ tó wọṣẹ́: ṣé àyà ọmọ yìí máa ń dún? Kì í ṣe láti fi lé e padà, bí kò ṣe kí wọ́n má fi í sídìí ẹ̀rọ ìfági tàbí ìgbálẹ̀.

Ìbòmú ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ènìyàn lọ́kàn. Èmi a máa fi í sí ìkẹyìn. Èyí aláṣọ tí a lò nígbà Kòrónà ń gba eruku ńlá dúró, ó ń jẹ́ kí èyí tó kúnná kọjá, kò sì mọ èéfín rárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní N95 dára fún fúláwà àti eruku igi bó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló lè dé e nídìí agbada tó ń gbóná láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ibi tí èéfín ti ń jáde ni kí á kọ́kọ́ lọ bá a.

Bí a ṣe ṣe é ní ẹbu Màmá nìyí. Bíríkìlà kan ní Ìnísà ló mọ̀ ọ́n. Ó lu ògiri ẹ̀yìn lójú ibi mẹ́rin, ó yí ààrò padà kí ẹnu iná lè wà níta, kí agbada nìkan wà nínú. Ẹni tó ń ti igi ń tì í láti ẹ̀yìn ilé. Ẹni tó ń yí gààrí jókòó sínú, ògiri wà láàárín òun àti èéfín. Ó fi amọ̀ dí etí agbada kí èéfín má baà gba ibẹ̀ yọ. Ó mọ ihò kan láti inú ààrò gba ara ògiri lọ sókè, ó kọjá páànù. Ó ṣí òkè ògiri ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ kí oru gààrí lè máa jáde. Igi gbígbẹ nìkan la fi kún un: wọ́n ní páànù kan báyìí tí wọ́n ń kó igi sí lábẹ́ kó lè gbẹ kó tó di ọjọ́ ìdín. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Àwọn obìnrin mẹ́rin náà dá owó rẹ̀, wọ́n sì ní igi ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohun tí wọn kò retí nìyẹn.

Màmá ń lo ínhélà rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò tíì dẹ́kun kàlẹ́ńdà. Ní oṣù tó ṣáájú iṣẹ́ bíríkìlà, òdo mọ́kànlá. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, mẹ́rin. Ní oṣù kejì, méjì, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òru tí àwọn aládùúgbò sun pàǹtírí. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ báyìí, mo sì mọ̀ pé òdo yóò pọ̀ sí i díẹ̀. Mo pè wọ́n lánàá, ọjà ku ọ̀la. Ọmọ náà ló gbé fóònù. Ó ní Màmá ti sùn.